Agbo Ìwòran àti Abọ́ Orí Òrùlé: Àgbéyẹ̀wò Eré Oníṣe Yorùbá Lórí Tẹlifíṣàn Sátẹ́láìtì ní Ìkirè àti Àpòmù

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá gba ojú títì láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò kan Ìkirè àti Àpòmù kí ó tó dé Gbọ̀ngán. Ìkirè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991. Àwọn arìnrìn-àjò mọ Ìkirè mọ dòdò rẹ̀. Àwọn òpìtàn mọ Àpòmù mọ ọjà rẹ̀ àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, tí jíjí ènìyàn gbé tà níbẹ̀ sì wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, ohun tí ojú ń rí ní ìlú méjèèjì bí ènìyàn bá gbé orí sókè ni abọ́ irin lórí òrùlé páànù, tí púpọ̀ nínú wọn kọ ojú sí apá ìlà-oòrùn. Abọ́ wọ̀nyí náà ń ṣe bí ọjà: inú wọn ni ohùn láti ibi púpọ̀ ti ń pàdé. Ìbéèrè tí ó sì jẹ yọ ní ọjà Àpòmù kò tíì kúrò nílẹ̀, èyíinì ni pé, ta ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọjà, kí ni ó sì ń di títà níbẹ̀?

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan gbà pé tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì ni yóò pa èdè àti eré Yorùbá, nítorí pé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fíìmù Amẹ́ríkà àti eré àtìgbàdégbà ilẹ̀ Íńdíà ni ó kún inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ó gba eré Yorùbá là, nítorí pé láti 2010 ni ìkànnì kan ti wà tí kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju àfihàn eré Yorùbá lọ, tọ̀sán-tòru. Àpilẹ̀kọ yìí kò gba ọ̀kan nínú èrò méjèèjì wọlé pátápátá. Àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe: wákàtí ni wọ́n ń kà. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ wò ni ètò tí ó wà láàárín ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé sátẹ́láìtì fún eré Yorùbá ní ilé, ṣùgbọ́n ó gba agbo lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé àìsí agbo yìí ti ń yí èdè eré náà padà.

2. Bí Tẹlifíṣàn Ṣe Dé Orí Òrùlé

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959 ni ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Eré tí ó rí gbé jáde kì í ṣe eré tí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá. Eré tí ó ti ń rin títì tẹ́lẹ̀ ni. Hubert Ògúńdé ti bẹ̀rẹ̀ láti 1944. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó. Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, sì di ìlúmọ̀ọ́ká lórí tẹlifíṣàn Ìbàdàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀. Ní àkókò náà, ẹ̀rọ kò pọ̀. Ilé ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣàn ni àdúgbò ń pé jọ sí ní alẹ́, tí àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀, tí àwọn àgbà á wà lórí àga, tí àwọn tí àyè kò gbà á sì dúró sí ojú fèrèsé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba WNTV tí ó sì sọ ọ́ di ara NTA ní 1977, ètò ìjókòó yìí kò yí padà.

Ẹ̀rọ tí ó yí i padà ti wà nínú ìrònú tipẹ́. Ní 1945 ni Arthur C. Clarke ṣàlàyé pé bí ohun kan bá wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 36 kìlómítà sókè ìlà agbede-méjì ayé, yóò máa bá ilé ayé yí déédéé, yóò sì dà bí ohun tí ó dúró sójú kan. Nítorí náà ni abọ́ orí òrùlé kò fi ní láti máa yí kiri láti wá a. Abọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà tóbi; òmíràn fẹ̀ tó mítà 3. Ilé olówó àti ilé ìtura ńlá nìkan ni ó lè ra irú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, sátẹ́láìtì tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, tí ó sì ń lo ìgbì kúkúrú tí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, mú kí abọ́ tí kò fẹ̀ tó mítà kan tó láti gba àwòrán. Àbùkù ìgbì kúkúrú yìí ni pé òjò ńlá ń dí i lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí ó sì ń lọ pátápátá, bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀ tí ó sì rọ̀ kíkankíkan.

Ọ̀nà òfin ṣí sílẹ̀ nígbà tí Òfin 38 ti ọdún 1992 gba aládàáni láàyè láti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn sílẹ̀, tí ó sì gbé àjọ NBC kalẹ̀ láti máa mójú tó wọn. Ní 1995 ni MultiChoice ti Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ DStv. Ní 2003 ni ó dá ìkànnì Africa Magic sílẹ̀ fún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2010 sì ni Africa Magic Yoruba jáde. HiTV, tí ó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, wọ ọjà ní 2007 pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn, ṣùgbọ́n ó kógbá sílé ní 2011. StarTimes ti ilẹ̀ Ṣáínà bá NTA da òwò pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010. GOtv tẹ̀ lé e ní 2011, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òpó ilẹ̀ ni ti GOtv ń lò, kì í ṣe sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ rán lọ sí òkè ní 2007, NigComSat-1, kú ní 2008; èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ gòkè ní 2011. Ní 2025 ni Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba MultiChoice.

Ìtàn yìí ní ìtumọ̀ fún lámèyítọ́. Bí abọ́ ṣe ń kéré sí i, tí ó sì ń sún mọ́ ilé tálákà, ni ibùjókòó ẹni tí ó ni ín ń jìnnà sí i: láti Ìbàdàn dé Johannesburg, láti Johannesburg dé Paris. Ará Ìkirè tí inú ń bí sí eré kan ní àkókò WNTV lè wọ ọkọ̀ lọ sí Agodi. Lónìí, ohun tí ó lè ṣe ni kí ó má san owó oṣù tí ń bọ̀.

3. Ilé Tí Eré Rí

Kò ní jẹ́ òtítọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ilé tí eré Yorùbá rí yìí kò níyì. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe fíìmù Ọ̀run Mọ̀ọ́rù ní 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n sì tà á káàkiri. Òfò náà pa iṣẹ́ rẹ̀ lára gidigidi. Òṣèré tí kò ní ilé kò ní ìlẹ̀kùn tí yóò tì. Ìkànnì tí ó ń san owó kí ó tó fi eré hàn fún iṣẹ́ òṣèré ní iye, ó sì ń gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá tí ń gbé ní Kánò àti ní ilẹ̀ Gánà lẹ́ẹ̀kan náà. Fíìmù tí ì bá ti bàjẹ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì ń rí àtúnwò. Ọmọ tí wọ́n bí sí Àpòmù lẹ́yìn 2010 lè rí òṣèré tí ó ti kú kí a tó bí i.

Ṣùgbọ́n eré Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Joel Adédèjì, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1969, tọ ipasẹ̀ eré alárìnjó lọ sí ọ̀dọ̀ eégún aláré. Àárín agbo sì ni eégún aláré ti ń ṣeré. Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2000, fi hàn pé òṣèré alárìnjó kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Orí ìtàgé ni ọ̀rọ̀ ti ń dàgbà, òǹwòran sì wà lára àwọn tí ń mú un dàgbà. Bí ẹ̀rín bá sọ níbì kan, òṣèré á fa ibẹ̀ gùn. Bí agbo bá dákẹ́, á yára kọjá. Ẹ̀rín àti ìdákẹ́ yìí ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́ tí eré Yorùbá ní.

Tẹlifíṣàn Ìbàdàn kò pa agbo yìí. Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí jẹ́ ẹ̀rí. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dá nínú eré náà, ẹjọ́ ìlú àti ti lọ́kọláya. Irú eré bẹ́ẹ̀ ń sọ òǹwòran di ìgbìmọ̀: kí adájọ́ tó lanu, àwọn tí ó jókòó yí ẹ̀rọ ká ti dá ẹjọ́ náà, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Adéjọbí fúnra rẹ̀ lè wà ní gbọ̀ngàn kan ní ìlú tí kò jìnnà, kí àwọn òǹwòran sì sọ ohun tí ó wà nínú wọn fún un lójúkojú. Ẹ̀rọ àti agbo ń bá ara wọn jẹun nígbà náà.

Ètò ti sátẹ́láìtì yàtọ̀. Owó oṣooṣù ni ó ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì san án, dúdú ni ojú ẹ̀rọ rẹ̀, àfi àwọn ìkànnì díẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀ràn owó náà ti le débi pé ó dé ilé ẹjọ́ ní 2025 láàárín àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà àti ilé iṣẹ́ tí ó ni DStv. Ó ṣẹlẹ̀ báyìí pé Yorùbá ń san owó oṣù láti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ nínú ìyẹ̀wù ara rẹ̀. Èyí tí ó tún ju ti owó lọ ni pé wákàtí 24 tí ìkànnì ní láti kún ń béèrè eré púpọ̀, ó sì ń béèrè rẹ̀ kíákíá. Eré a máa di àtúnfihàn. Ìtàn a máa di èyí tí wọ́n fà gùn kí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Fífà gùn kì í ṣe àìdára fúnra rẹ̀, nítorí pé alárìnjó náà ń fà á gùn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rín agbo ni alárìnjó fi ń mọ ibi tí yóò ti fà á. Ti ìkànnì, tábìlì ètò ni ó ń pàṣẹ rẹ̀.

4. Èdè Eré àti Àkọlé Ìsàlẹ̀ Àwòrán

Ibi tí àìsí agbo ti hàn jù ni èdè. Nítorí pé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá náà ń wo eré Yorùbá, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Ohun tí ó dára ni. Síbẹ̀, ó ti sọ eré kan di eré méjì, nítorí pé ohun tí etí gbọ́ kì í ṣe ohun tí ojú kà.

Bí àpẹẹrẹ, bí ìyàwó ilé kan bá ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní “ẹ” láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ó sì di ọjọ́ ìjà, tí ó wí fún un pé, “O purọ́!”, ìró fáwẹ̀lì kan ṣoṣo yìí ti fọ́ ilé náà. Àwọn àgbà obìnrin tí ń wò ó á fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú àkọlé ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ó yí padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún “o” àti “ẹ”. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ìkíni. “Ẹ kú ojú lọ́nà”, “ẹ kú ìnáwó” àti “ẹ kú àṣẹ̀yìndè” fi ipò ẹni tí wọ́n ń kí hàn, ó sì lè jẹ́ pé nínú ìkíni tí ẹnìkan yàn ni òǹwòran ti kọ́kọ́ fura pé ọ̀tá ni. Akọ̀túmọ̀ tí àyè rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ kò rí ohun mìíràn kọ ju ìkíni gbogbogbòò. “Orí”, tí ó jẹ́ ẹlẹ́dàá àti ìpín, a sì di oríire lásán.

Ìtumọ̀ tí ó pàdánù nǹkan kì í ṣe tuntun, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi ru akọ̀túmọ̀. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí òǹkọ̀wé eré bá ti mọ̀ ṣáájú pé ohun tí kò bá ṣeé kọ sí ìsàlẹ̀ yóò ṣòfò. Ó jọ pé púpọ̀ nínú eré tuntun ti gba ẹ̀kọ́ yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Ìtumọ̀ tí ó yẹ kí ó wà nínú “ẹ” àti “o” ti ń bọ́ sínú ariwo, ẹkún àti orin tí ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀. Òwe ń dínkù, àlàyé ń pọ̀. Yorùbá àdàlù mọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ń di ohùn gbogbo ọ̀dọ́, yálà ìtàn náà bá a mu tàbí kò bá a mu. Èdè náà kò kú. Ó ń fúyẹ́ ni.

Ìwọ̀n tí ó dára láti fi wọn èyí ni Saworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Ìlù ni kókó fíìmù náà. Ọba Lápité gorí oyè Jogbo láìṣe ètùtù tí ó yẹ. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ìlù lè ka ìtàn náà ní ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ó sì mọ ẹni tí ó kú. Ẹni tí ó gbọ́ ìlù nìkan ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú ti wà nínú ìlù náà tipẹ́, àti pé ọba ni kò dẹ etí sí i. Ìṣọ̀lá àti Kèlání kò tìtorí pé ìlù kò ṣeé túmọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n fi í sí ibi tí agbára wà. Òǹwòran tí ń bẹ lókèèrè ni ó ní láti gbìyànjú láti sún mọ́ eré; eré kò bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ pàdé rẹ̀. Orí òdiwọ̀n yìí ni ó yẹ kí wọ́n gbé eré inú ìkànnì lé.

5. Ibi Tí Agbo Lọ

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan jiyàn pé ìgbà ni ó yí, pé agbo ti kú, àti pé kò tọ́ kí wọ́n máa bi sátẹ́láìtì léèrè ohun tí kò sí mọ́. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni yóò dá a lóhùn. Ní Ìkirè, ní Àpòmù, àti ní gbogbo ìlú ilẹ̀ Yorùbá, bí ọjọ́ Sátidé bá pé, àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó wọ inú àgọ́ páànù tàbí gbọ̀ngàn kan, wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú wọn sì wà lára tẹlifíṣàn tí ó ń gba bọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni asọ̀rọ̀sọ inú ẹ̀rọ ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbára lé e. Yorùbá ni agbo ń sọ: wọ́n ń yan adarí eré bú, wọ́n ń fi òwe gún ara wọn lára, wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù ní orúkọ àti oríkì tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́.

Nítorí náà, agbo kò kú. Ó ṣí lọ ni, sátẹ́láìtì kan náà ni ó sì gbé e lọ. Èyí yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ pé àbùdá ẹ̀rọ ni láti tú agbo ká, kò yẹ kí agbo bọ́ọ̀lù wà. Ohun tí ó tú agbo eré ká ni ètò tí wọ́n ṣe yí eré ká: eré tí wọ́n ṣe fún ẹni kan ṣoṣo pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, tí kò ní àkókò pàtó nítorí pé yóò tún padà lọ́la, tí kò sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù ní àkókò, ó ní àìdánilójú, ó sì ń jẹ́ kí òǹwòran dá ẹjọ́. Gbogbo èyí ni Kóòtù Aṣípa náà ní.

Ohun pàdánù tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti òṣèré nìkan. Nínú agbo ni ọmọdé ti ń kọ́ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ń pè ní “ẹ”, àti òwe tí ó bá ọ̀ràn mu, nítorí pé àgbà kan wà nítòsí tí yóò sọ fún un. Ọmọ tí ó dá jókòó ti ìkànnì Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́ yóò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ Yorùbá sí i.

6. Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹni tí ó ní sátẹ́láìtì ń pa eré Yorùbá kò rí ilé tí ó kọ́ fún un, ẹni tí ó sì ní ó ń gbà á là kò béèrè ibi tí agbo wà. Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé èyí. Èkíní, ó yẹ kí iṣẹ́ lámèyítọ́ kúrò ní ìtàn àti ẹ̀kọ́ inú eré nìkan, kí ó bọ́ sórí ìlò “ẹ” àti “o”, ìkíni, òwe àti ìlù, kí ó sì máa fi àkọlé ìsàlẹ̀ wé ohun tí òṣèré sọ gan-an. Èkejì, àwọn tí ń kọ eré fún ìkànnì ní láti ro ti ẹni tí kò dá nìkan jókòó: ẹjọ́ tí wọn kò tíì dá tán, àlọ́ tí wọn kò tíì já, ọ̀rọ̀ tí ilé yóò fi jiyàn di ọ̀la. Ẹ̀kẹta, ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní irin iṣẹ́. Ọ̀ṣun ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn tirẹ̀, OSBC; láti 2018 ni ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tuntun tí kì í gba owó oṣù ti bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo; Ìkirè sì ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà rẹ̀ sí. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣà wà, tí ilé ìwòran sì wà ní òpópónà, kò yẹ kí ó nira láti gbé eré kan sínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí agbo sọ padà sí i.

Abọ́ orí òrùlé kò ní kúrò níbẹ̀ láìpẹ́, kò sì sí ìdí tí yóò fi kúrò. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run nìkan ni abọ́ náà ń kọ sí. Kò kọ ojú sí àgbàlá. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ ni yóò pinnu bóyá àgbàlá yóò tún ní èrò.